Bí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Ṣe Di Ohun Ìjà ní Èkìtì

Ìjọba ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú, ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ìlú Èkìtì ti kọ́kọ́ pa ohùn pọ̀ pé ìyà náà tó gẹ́ẹ́. Ìbàdàn a fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú, ajẹ́lẹ̀ a kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dání, wọn a máa gba ìṣákọ́lẹ̀, wọn a máa wọ oko olóko, wọn a máa fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó. Ta ni ará ìlú yóò wá fẹjọ́ wọn sùn? Ẹni tó rán wọn náà ni. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa àwọn èèyàn ajẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n hùwà àìtọ́ sí. Ibẹ̀ ni ogun Kírìjì ti gbiná, tí Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn mìíràn fi di Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèǹgbé Iléṣà sì di olórí ogun wọn.

Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ̀rọ̀ ìbọn Kírìjì. Èmi a máa ronú nípa ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó: àwọn oníṣòwò, àwọn tí wọ́n padà dé láti oko ẹrú, tí wọ́n ń dá owó jọ ránṣẹ́ sílé, tí wọ́n sì ń kọ̀wé sí ìjọba òyìnbó láti sọ ohun tí ojú àwọn èèyàn wọn ń rí. Ìpolongo gidi nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, òmìnira Èkìtì lọ́wọ́ Ìbàdàn wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ló gba òmìnira yẹn. Ìwọ̀fà, ẹrú, tàbí opó tí ẹbí ọkọ ń fìyà jẹ nínú ìlú kan náà kò lè mú ìwé náà tọ ẹnikẹ́ni lọ.

Ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo lè dì mú pẹ́ kó tó dé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Paris ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1948, ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ òyìnbó. Ohun tó gbé ẹ̀tọ́ wọ òfin tiwa ni ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké pé àwọn ńlá yóò tẹ àwọn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba òyìnbó yàn láti wádìí ìbẹ̀rù yìí, gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì dámọ̀ràn ní 1958 pé kí a kọ ẹ̀tọ́ sínú ìwé òfin.

Lónìí, Orí Kẹrin ìwé òfin 1999 ni àwọn ẹ̀tọ́ náà wà. Bí ọlọ́pàá bá mú èèyàn lórí ẹ̀sùn lásán, tí ilé-ẹjọ́ sì wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni òfin fún wọn láti gbé e dé iwájú adájọ́. Ibi tó ń dùn mí ni Orí Kejì, níbi tí wọ́n to ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti ìlera sí, tí abala 6 sì wá sọ pé ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ dá sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1983, Nàìjíríà sọ Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn di òfin ilẹ̀ yìí, ìlera àti ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun Abacha gbé agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi tì mọ́lé ní 1996, àdéhùn yìí ló dì mú lọ sí kóòtù, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì sọ ní 2000 pé ó ga ju òfin lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé òfin ṣì ga jù ú. Fẹ́mi Fálànà, ọmọ Ìláwẹ̀-Èkìtì, náà wà lára àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n sọ kóòtù di pápá ìpolongo láyé ológun.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọjọ́ kan tí nǹkan yí padà fún ẹgbẹ́ kéékèèké, oṣù Kejìlá 2009 ni n ó mú. Ìlànà ìpẹ̀jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 1979 ní kí èèyàn kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́, kó sì pẹjọ́ láàárín oṣù 12 tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ìlànà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 mú méjèèjì kúrò. Ó sì fi kún un pé a kò gbọdọ̀ lé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn jáde nítorí pé ọ̀rọ̀ kò kan olùpẹ̀jọ́ fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ obìnrin ní Ìkẹ́rẹ́ lè pẹjọ́ nítorí ọmọdé kan tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká ro bí ìyẹn ti tóbi tó.

Ní 2011, Èkìtì ṣe òfin tó ka lílù, ìfipábánilòpọ̀ àti àṣà tó ń pa obìnrin lára léèwọ̀, ọdún mẹ́rin kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe tirẹ̀. Bísí Fáyẹmí, ìyàwó gómìnà nígbà náà, tó ti pẹ́ nínú ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin, wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn. Wọ́n tún un ṣe ní 2019. Àǹfààní rẹ̀ fún olùpolongo ni pé ó mú ọ̀rọ̀ kúrò nínú ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá lọ bá àwọn ìyálọ́jà ní Ọjà Ọba Adó lè sọ fún wọn pé ìwà báyìí, òfin kọ̀ ọ́. Ọ́fíìsì báyìí ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí kò bá dárúkọ ẹni tó gbọ́dọ̀ dáhùn, ìwàásù ló ṣe.

Ọdún 2011 yẹn náà ni Èkìtì ṣíwájú àwọn ìpínlẹ̀ yòókù láti gba òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó wà nínú ìwé ìjọba. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti là á mọ́lẹ̀ ní 2025 pé irú òfin yìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe de gbogbo ìpínlẹ̀. Bí ilé ìlera abúlé kò bá ní oògùn, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ọjọ́ 7 ni òfin fún ọ́fíìsì náà láti fèsì. Bí wọ́n bá kọ̀, kóòtù ló kàn, ọjọ́ 30 sì ni àyè tó wà láti dé ibẹ̀.