Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kì í dun ẹni tó ni ín: ìbéèrè láti Rẹ́mọ

Ìbéèrè: Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá mi tó ń ta obì ní Sàbó, Ṣágámù, wọ́n ní ó jẹ́ 168 lórí 102. Orí kì í fọ́ wọn, òòyì kì í kọ́ wọn, wọ́n sì ń gbé ẹrù wọn bí ti tẹ́lẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ń purọ́?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ lè ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n ti pé ara kò ro wọ́n kọ́ la ó fi mọ̀ ọ́n. Òǹkà òkè ń sọ agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan rẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Ti ìsàlẹ̀ ń sọ ti ìgbà tí ọkàn bá sinmi kí ó tó tún lù. Bí agbára yìí bá pọ̀ jù fún ọdún púpọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa le, ara ọkàn á máa nípọn, àwọn asẹ́ tín-ín-tìn-tín inú kíndìnrín á sì máa bàjẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, ara á ti bá a mọ́ra. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni kò mọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá dé, tí ẹnu yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí apá kan sì rọ lójijì, ni wọ́n ń gbọ́.

Ìbéèrè: A tún un wọ̀n nílé kẹ́mísìtì, ó di 144 lórí 88. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹ obì láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí ẹni tó ń ta obì kì í ṣàìtọ́ ọ wò. Èròjà kaféènì inú rẹ̀, èyí tó wà nínú kọfí pẹ̀lú, máa ń gbé ìfúnpá sókè fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà kí wọ́n má jẹ ẹ́ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 ṣáájú ìwọ̀n. Kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí ohun kan sì gbé apá ró ní ọ̀gangan ọkàn. Ẹ̀rù ilé ìwòsàn nìkan tó láti fi kún òǹkà. Nítorí náà a kì í fi ìwọ̀n ọjọ́ kan dájọ́: bí òkè bá tó 140 tàbí tí ìsàlẹ̀ bá tó 90, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ìbéèrè: Ṣé kí wọ́n má jẹ ìkọ́kọrẹ́ mọ́?

Ìdáhùn: Ewùrà kò jẹ̀bi. Iyọ̀ àti mágì ni kí ẹ dínkù, kí gbogbo iyọ̀ òòjọ́ má tó ṣíbí tíì kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹja gbígbẹ tí kò níyọ̀, edé àti ata ṣiṣẹ́ adùn.

Ìbéèrè: Bí oògùn bá ti mú un wálẹ̀ sí 126 lórí 78, ṣé wọ́n lè dá a dúró?

Ìdáhùn: Oògùn ló gbé e wálẹ̀; bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fúnra wọn, ó sábà máa ń padà gòkè, láìsí àmì kankan tí yóò kìlọ̀ fún wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan kì í lo èyí tó ń mú ni tọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ sí Èkó, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà, ohun tí wọ́n ń sá fún sì yé mi dáadáa. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, nítorí ó lè yí àkókò lílò rẹ̀ padà tàbí kí ó fún wọn ní òmíràn.