Ṣé dandan ni kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru jáwọ́ nínú gbogbo ọ̀rá?

Bí wọ́n bá ti wọn ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí wọ́n ní ó ga, ohun tí ará ilé máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jáwọ́ nínú epo o!" Màmá kan ládùúgbò wa tẹ̀ lé e tọkàntọkàn: ẹ̀fọ́ bíbọ̀ lásán, ẹ̀wà tí kò rí epo, ẹja títù tí wọ́n ti bó awọ ọlọ́ràá rẹ̀ dànù. Mágí inú ọbẹ̀ wọn kò dín, iyọ̀ kò dín. Ó dùn mí gan-an, nítorí iyọ̀ yẹn gan-an ló ń mú ẹ̀jẹ̀ ga.

Nígbà kan, àwọn onímọ̀ oúnjẹ pàápàá gbà pé agbára lásán ni ọ̀rá ń fúnni, pé ṣúgà lè dípò rẹ̀. Ní 1929, George Burr àti Mildred ìyàwó rẹ̀, ní Yunifásítì Minnesota l'Amẹ́ríkà, fún àwọn eku ní oúnjẹ tí wọ́n ti yọ gbogbo ọ̀rá inú rẹ̀. Awọ eku náà ń ṣí bí ìpẹ́, ìrù wọn wú, wọn ò dàgbà mọ́, kíndìnrín wọn bàjẹ́, wọ́n sì ń kú. Ọ̀rá ìwọ̀nba ṣíún ló ń mú ara wọn padà bọ̀ sípò. Nígbà tó yá, àwọn dókítà rí irú awọ gbígbẹ bẹ́ẹ̀ lára ọmọ jòjòló tí wàrà tí wọ́n ń mu kò ní ọ̀rá tó.

Ara wa lè fi ẹ̀bà àti ìrẹsì ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀rá fúnra rẹ̀. Méjì ló wà tí kò lè ṣe rárá: linoleic acid, tó jẹ́ Omega-6, àti alpha-linolenic acid, tó jẹ́ Omega-3. Ẹnu la gbọ́dọ̀ gbà fi wọ́n sára. Láìsí ọ̀rá, fítámì A àti K inú ẹ̀fọ́ bíbọ̀ yẹn pàápàá kò ní wọ ara dáadáa.

Omega-6 kò wọ́n wa. Ó ju ìdajì ọ̀rá inú ẹ̀gúsí lọ. Omega-3 ló ṣòro, torí epo pupa, òróró ẹ̀pà àti epo àgbọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in. Òróró sóyà ní díẹ̀. Ṣùgbọ́n irú èyí tí ọpọlọ àti ojú ń lò jù, inú ẹja ọlọ́ràá ló pọ̀ sí: títù, ṣàwá, sàdíìnì. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn bí wọ́n bá pe ṣàwá ní ẹja tálákà, tí wọ́n wá lọ ń fi owó ńlá ra kápúsù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe l'Amẹ́ríkà lára àgbàlagbà 25,871, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, fi hàn pé kápúsù Omega-3 kò dín àpapọ̀ ìkọlù ọkàn, rọpá-rọsẹ̀ àti ikú àrùn ọkàn kù lọ́nà tó hàn gbangba. Ẹja fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn ibẹ̀ ń gbà wá níyànjú láti máa jẹ.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa da epo sọ́bẹ̀ bí omi o. Nǹkan bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó ń mú kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù ga, kò sì yẹ kí a tún fi òróró tó ti dúdú dín nǹkan. Ṣíbí kan tàbí méjì fún ìkòkò ẹ̀fọ́ tó. Ẹ se títù nínú ata tòun tawọ, ẹ má dín in gbẹ, ẹ má sì da omi rẹ̀ nù, torí ọ̀rá ẹja náà ti yọ́ sínú rẹ̀. Iyọ̀ àti mágí ni kí ẹ fà sẹ́yìn, kí ẹ sì máa lo oògùn tí dókítà kọ fún yín.