Kí Ló Dé Tí Àwọn Ọmọ Sikáòtù Fi Ń Kún Pápá Lọ́jọ́ Àyẹyẹ, Tí Wọn Kì Í Sì Í Wá sí Ìpàgọ́?

Àbúrò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe akọ̀wé ìpàgọ́ ní ẹkùn ẹgbẹ́ Sikáòtù (Scout) wọn kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi. Ó ní lọ́jọ́ àyẹyẹ àwọn ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ tó wọ kakí tí wọ́n sì yan lórí pápá lé ní ọgọ́rin. Nígbà tí ìpàgọ́ ẹkùn dé, mọ́kàndínlógún péré ló yọjú. Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu, ó sì dùn ún. Èmi náà ti wà nídìí iṣẹ́ yìí fún ọdún púpọ̀, ohun tí mo sì fi dá a lóhùn nìyí.

Ẹ̀gbọ́n mi, àbí àwọn ọmọ wa ò fẹ́ràn ìpàgọ́ mọ́ ni?

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, àbúrò mi. Bi ọmọ ọdún méjìlá èyíkéyìí bóyá ó fẹ́ sùn nínú àgọ́, kó fọwọ́ ara rẹ̀ dáná, kó jókòó ti iná títí ilẹ̀ yóò fi ṣú pátápátá, wàá rí bí ojú rẹ̀ yóò ṣe tàn. Àmọ́ kì í ṣe òun ló ni àṣẹ. Lọ́jọ́ àyẹyẹ, ilé ìwé ló kó o lọ, ilé ìwé ló kó o dé, ilé ló sì sùn. Ní ti ìpàgọ́, ìyá rẹ̀ ní láti gbà kí ọmọ òun sùn níbi tí òun ò mọ̀, lọ́dọ̀ ẹni tí òun ò mọ̀, kó sì tún sanwó lé e. Ọmọ ni ìwé ìpè wa sì máa ń bá sọ̀rọ̀: "Ẹ wá, ẹ ó gbádùn." Ìyá ka ìwé náà tán, kò rí ìdáhùn kankan sí ohun tó ń já a láyà.

Kí ló ń já wọn láyà?

Ta ni yóò sùn nítòsí ọmọ mi? Níbo ni yóò ti wẹ̀, níbo ni yóò ti yàgbẹ́? Bí ibà bá mú un lóru ńkọ́? Kọ ìdáhùn wọ̀nyí sínú ìwé ìpè kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Sọ pé àgbàlagbà kan ò ní dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níkọ̀kọ̀, pé àgọ́ àwọn olórí yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ, pé àwọn olórí obìnrin yóò wà níbi tí àwọn ọmọbìnrin bá sùn sí. Kọ nọ́ńbà fóònù méjì tí ẹnì kan yóò máa gbé tọ̀sán-tòru.

Omi àti ṣáláńgá kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń gbójú fò. Lítà 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni kí o fi ṣírò omi. Ṣáláńgá kan fún èèyàn 20, kó sì jìnnà sí kànga tó mítà 30, ó kéré tán. Ìyá tó bá rí i pé o ti ro èyí yóò mọ̀ pé ọmọ òun bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ronú.

Fi ìwé ìlera kún un: àìsàn tí ọmọ ní, oògùn tó ń lò, ohun tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ẹ má fi ti ọmọ tó ní àìsàn fòníkúfọ̀láǹdìde ṣeré rárá. Òtútù òru àti òùngbẹ lè dá a wó. Bí dókítà àti àwọn òbí rẹ̀ bá gbà kó wá, aṣọ tó nípọn àti omi mímu déédéé di iṣẹ́ tí a gbé lé ẹnì kan pàtó lọ́wọ́, kí a má sọ pé gbogbo wa la jọ ń ṣọ́ ọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Lọ́dún kan, a pàgọ́ sí ibi kòtò lórí pápá ilé ìwé kan nítorí pé koríko ibẹ̀ tutù lójú. Òjò dé ní aago méjì òru, omi wọ inú àgọ́, àwọn ọmọ gba abẹ́ fáràǹdà lọ dúró di àárọ̀. Kò sí ẹni tó fara pa. Síbẹ̀, fún ọdún méjì gbáko, òbí kankan ò tún fi ọmọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ láti abala ìlú yẹn. Àṣìṣe tiwa ni, kì í ṣe ti òjò.

Oṣù wo ló dára jù?

Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, jẹ́ kí òjò àrọ̀kúrò kásẹ̀ nílẹ̀. Oṣù Kọkànlá dára. Oṣù Kìíní náà dára, bó bá ṣe pé ẹ lè fara da ọyẹ́. Yẹra fún àsìkò WAEC àti NECO, nítorí àwọn ọmọ tó dàgbà jù lọ ló ń ṣe olórí fún àwọn kékeré. Wo oṣù Ramadan náà dáadáa, torí ọjọ́ bí mọ́kànlá ló fi ń tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Kéde ọjọ́ náà ní oṣù Kẹsàn-án tí ilé ìwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìpàgọ́ tí a kéde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ìnáwó ìgbéyàwó ti gba ọjọ́ Sátidé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó ńkọ́? Àwọn kan ò lè san án rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà láti ìpàgọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 1 sí 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1907, Baden-Powell, ẹni tó dá Sikáòtù sílẹ̀, kó ọmọkùnrin bí 20 lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pọ́n-ùn kan ni àwọn ọmọ ilé ìwé olówó san. Ṣílè mẹ́ta àti sísì ni àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù san, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Inú àgọ́ kan náà ni wọ́n jọ sùn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ jẹ. Ẹkùn rẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ pé máàsítà, ìyẹn àgbàlagbà tó ń darí àwọn ọmọ Sikáòtù ní ilé ìwé wọn, nìkan ló mọ ẹni tó san èyí tó kéré.

Èyí tó tiẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ jù ni àjọ. Bí owó ìpàgọ́ bá jẹ́ ₦6,000, ọmọ tó bá ń dá ₦500 lọ́sẹ̀ yóò san án tán ní ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ṣe káàdì fún un bíi ti alájọ. Ọmọ tó bá ti dá àjọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa rán ìyá rẹ̀ létí.

Àwọn máàsítà ńkọ́? A fi ìkéde sórí WhatsApp, wọ́n ní "a ti gbọ́", wọn ò wá.

Ibí ni mo rò pé ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀gá ilé ìwé ló ní kí wọ́n gba Sikáòtù. Wọ́n mọ yíyan, wọ́n mọ orin, ṣùgbọ́n wọn ò sùn nínú àgọ́ rí láyé wọn. Ta ló fẹ́ kó ọmọ lọ síbi tí àìmọ̀ òun yóò ti hàn? Máàsítà tí kò bá wá, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló dá dúró. Lọ bá wọn nílé ìwé lọ́jọ́ ìpàdé wọn. Lẹ́yìn náà, kí ìwọ àtàwọn máàsítà nìkan lọ sùn sí pápá lálẹ́ ọjọ́ kan. Kọ́ wọn ní bí a ṣe ń ta àgọ́, bí a ṣe ń so okùn, ibi tí iná ń wà. Jẹ́ kí wọ́n ṣàṣìṣe níbi tí ọmọ kankan ò ti ń wò wọ́n.

Má sì ka orí ọmọ mọ́. Pátírọ̀lù ni kí o máa kà, ìyẹn ọ̀wọ́ ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó ní olórí láàárín ara wọn. Ọmọ kì í dá wá sí ìpàgọ́. Ó ń bá ọ̀rẹ́ wá ni. Dípò "ọmọ mélòó lẹ ń kó bọ̀?", béèrè pé "pátírọ̀lù wo ló ń bọ̀, ta sì ni olórí wọn?" Bí olórí pátírọ̀lù bá ti mọ̀ pé òun ni yóò pín iṣẹ́ ìdáná, yóò lọ sí ilé àwọn tó kù lọ bẹ àwọn ìyá wọn. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí èyí. Ìyá náà gbà.

Kí la ó ṣe níbẹ̀ tí wọn yóò fi fẹ́ padà wá?

Má fi wọ́n yan láti àárọ̀ di alẹ́. Wọ́n ti ṣe ìyẹn ní ilé ìwé. Ní Brownsea, pátírọ̀lù mẹ́rin ni wọ́n pín àwọn ọmọ náà sí, ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: wíwo ipasẹ̀, ìmọ̀ igbó, gbígba ẹ̀mí là. Tìrẹ lè jẹ́ òru méjì péré. Kí pátírọ̀lù kọ̀ọ̀kan ra oúnjẹ tirẹ̀ lọ́jà, kó sè é fúnra rẹ̀. Ẹ̀wà lè jóná, àmàlà lè ní kókó, ẹ má gbà á ṣe fún wọn. Èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sè ni wọn yóò máa ròyìn fún ọdún kan. Pe àwọn òbí wá wò wọ́n lọ́sàn-án Sátidé, kí wọ́n rí àgọ́, kí wọ́n rí ṣáláńgá, kí wọ́n tọ́ ẹ̀wà náà wò.

Lálẹ́ tó kẹ́yìn, lẹ́yìn àlọ́ àti orin, kí iná tó kú, dárúkọ ọjọ́ ìpàgọ́ tó ń bọ̀. Kí o sì pín káàdì àjọ tuntun fún àwọn olórí pátírọ̀lù níbẹ̀.