Ẹ má fún fáìlì mọ́, ẹ ká a

Bí mo bá ti rí "fún fáìlì pọ̀" gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ "compress", ìyẹn ká mú kí fáìlì gba àyè díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, inú a bí mi. Ẹni tó fún aṣọ, omi jáde lára rẹ̀. Ẹni tó fún ọsàn, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọsàn mọ́. Kí ló wá jò dànù nínú fáìlì tí a fi gzip, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ṣiṣẹ́ lé lórí? Kò sí. "Dín fáìlì kù" tún burú ju ìyẹn lọ, torí ohun tí a dín kù, a ti yọ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń kọ "kọ́ńpírẹ́ẹ̀sì" kò tilẹ̀ túmọ̀ ohunkóhun.

"Ká" ni tèmi. Ẹní tí a ká kò gba àyè mọ́, síbẹ̀ kò sí fọ́nrán kan tó já kúrò lára rẹ̀. Bí a bá tún un tẹ́, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Nítorí náà gzip ń ká, gunzip ń tẹ́. Ẹni tó ń "fún", kí ni yóò pe gunzip?

Àwọn kan ní "dì" ló tọ́. Mi ò gbà. Iṣẹ́ tar, ètò mìíràn, ni dídì: ó ń kó fáìlì púpọ̀ sínú ẹrù kan, ẹrù náà kì í sì fúyẹ́ ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ni gzip ń ká. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní "dì", báwo ni yóò ṣe ṣàlàyé tar -czf, tó ń dì tó sì ń ká lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ wo ìwé orin. Orin lè ní ẹsẹ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan péré la ó kọ ègbè rẹ̀. Lábẹ́ àwọn ẹsẹ yòókù, "Ègbè" nìkan la ń kọ, akọrin sì mọ ibi tí yóò wò. Bí gzip ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá, kì í tún un kọ. Yóò kọ bí a ó ṣe padà sẹ́yìn tó àti iye tí a ó mú níbẹ̀. Kì í wẹ̀yìn kọjá báìtì 32,768. Orí ọgbọ́n tí Ziv àti Lempel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, gbé jáde ní 1977 ló dúró lé. Ní ti fáìlì àwòrán JPEG àti fáìlì orin MP3, mo gbà kí wọ́n lo "fún", torí nǹkan ń jò dànù níbẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó bá sì tún fẹ́ fi gzip ká wọn kò ní rí èrè kan tó lórúkọ.

Shell script, ìyẹn àkójọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí yóò ká gbogbo fáìlì .log inú fódà kan kò gùn:

for f in *.log; do
  gzip -k "$f"
done

Ẹ má fi -k sílẹ̀ o. Láìsí i, bí gzip bá ti ká fáìlì tán, yóò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, .gz nìkan ni ẹ ó bá níbẹ̀. Àmì ìfàyọ tó wà lára $f náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́, "ìròyìn oṣù.log" yóò di fáìlì méjì lójú gzip, "ìròyìn" àti "oṣù.log", yóò sì ní òun kò rí ìkankan nínú wọn.