Òdo iwájú nọ́ńbà fóònù yẹn, ẹ mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa yọ ọ́

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sínú kọ̀ǹpútà, ká lè máa fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí wọn tí owó bá wọlé. Ẹ̀yin ẹ wo líìsì tí wọ́n ń kó wá! Ẹnì kan ṣoṣo á wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, 08012345678, +2348012345678, 8012345678, kọ̀ǹpútà á sì kà á sí èèyàn mẹ́ta.

Nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn o. Òdo iwájú yẹn kàn ń sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni pé inú Nàìjíríà níbí lẹ ti ń pe ẹni tẹ́ ẹ̀ ń pè. 234 ni kọ́ọ̀dù orílẹ̀-èdè wa, tó bá ti dé, iṣẹ́ òdo ti parí, ẹ yọ ọ́. Torí náà +23408012345678 táwọn èèyàn ń kọ sára báńnà ṣọ́ọ̀bù yẹn ò dáa, ẹ má kọ ọ́ mọ́ jàre. Plus náà ní iṣẹ́ tiẹ̀, ó dúró fún kọ́ọ̀dù téèyàn fi ń pe ìlú òkèèrè, láti Nàìjíríà 009 ni, láti London 00, láti Amẹ́ríkà 011, ta ló fẹ́ máa há gbogbo ìyẹn sórí? Ẹ fi plus síwájú, fóònù alágbèéká á wá èyí tó yẹ fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ ti sẹ́ẹ̀vù màmá yín pẹ̀lú +234 kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, torí tẹ́ ẹ bá ti ra síìmù ọ̀hún, 080 lásán ò ní bá yín pe ẹnikẹ́ni nílé.

Àmọ́ ẹ má sọ yíyọ òdo di òfin gbogbo ayé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ́sítọ́mà ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, láti 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n ti fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà wọn, ó kúrò ní díjíìtì mẹ́jọ ó di mẹ́wàá, òdo tiwọn kì í sì í kúrò, +229 01 lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni Excel, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń to líìsì yìí. Gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ díjíìtì, iye owó tàbí iye ọjà ló pè é, lójú ẹ̀ 080 àti 80 ò yàtọ̀, á jẹ òdo yẹn mì. Ẹ tẹ +2348012345678 sí i, á jẹ plus náà, á wá gbé 2.34801E+12 síta. E+12 yẹn ń ní kẹ́ ẹ gbé dọ́ọ̀tì sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀méjìlá ni, nọ́ńbà yín ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ yí fọ́máàtì ẹ̀ sí Number, á jáde. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá sẹ́ẹ̀vù ẹ̀ bó ṣe wà sí CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kò ní fọ́máàtì, ohun tó hàn lójú nìkan ló máa kọ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún un ṣí, 2348010000000 lẹ máa bá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní 0801 á wá di onínọ́ńbà kan náà. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì náà ńkọ́? Díjíìtì mẹ́wàá ni, èyí tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀ á di mẹ́sàn-án. Ti káàdì ATM tó jẹ́ mẹ́rìndínlógún tún burú jù, torí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni Excel ń mú dání, á sọ èyí tó gbẹ̀yìn di òdo, kò sì ní sọ fún yín.

Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù yẹn di Text, nọ́ńbà fóònù kì í ṣe ohun téèyàn ń rò pọ̀, àbí ta ló fẹ́ mọ àròpọ̀ ti Ìyá Risi àti ti Bùọ̀dá Wálé? Kẹ́ ẹ wá kọ gbogbo ẹ̀ ní +234. Èyí tí òdo iwájú ẹ̀ nìkan sọnù ò le, tó bá ṣẹ́ ku díjíìtì mẹ́wàá tó fi 7, 8 tàbí 9 bẹ̀rẹ̀, ẹ fi +234 síwájú ẹ̀, ó parí. Èyí tó ti di òdo rẹpẹtẹ nínú CSV, kò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ lè dá sí i, ẹ pe ẹni tó fún yín ní líìsì kó tún un fi ránṣẹ́.