Àáró ni géèmù tó bá máa pẹ́ nílẹ̀

Ní Abẹ́òkúta, ní Pánṣẹ́kẹ́, ní Kútọ̀, ní Kámpù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀) pọ̀ sí, ẹ ó rí ọ̀dọ́ tó ti ń gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti bí ọdún mẹ́rin, márùn-ún. Ó ti pààrọ̀ fóònù, ó ti pààrọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àkáǹtì kan náà ló ṣì ń lò. Ẹ ó tún rí ẹlòmíì tó ti gòkè gan-an, tó kàn ṣàdédé pa géèmù náà rẹ́ lórí fóònù, tí kò wo ẹ̀yìn mọ́. Bí ẹ bá bi í, á ní ó ti sú òun. Ìdáhùn yẹn kò lè ran ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ lọ́wọ́, kò sì lè ran ẹni tó ní ilé géèmù tàbí ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù lọ́wọ́, torí pé oríṣiríṣi nǹkan ni èèyàn ń pè ní "ó sú mi", ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ẹ̀bùn kọ́ ló ń dá èèyàn dúró sínú géèmù tó ti pẹ́. Richard Bartle, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣe MUD, géèmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jọ gbá lórí kọ̀ǹpútà, ní Yunifásítì Essex lọ́dún 1978, kọ ọ́ ní 1996 pé oríṣi eléré mẹ́rin ló wà: ẹni tó ń wá ipò, ẹni tó ń wá ibi tí ojú ò tíì tó, ẹni tó wá bá èèyàn ṣe, àti ẹni tó wá fojú èèyàn rí màbo. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni àkọ́kọ́ á dé òkè téńté lọ́jọ́ kan. Ẹni kejì á rìn ín tán. Ẹni kẹrin á dúró níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń rí ẹni nà. Ẹni kẹta nìkan ni ohun tó wá wá kì í tán, torí pé èèyàn ló wá wá.

Ọmọ Ẹ̀gbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àáró ni Lísàbí fi kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ: lónìí gbogbo wa wà lóko tèmi, lọ́la ó di oko tìrẹ. Ẹni tí wọ́n ti bá ro oko tirẹ̀ kò ní sùn sílé lọ́jọ́ tó bá kan oko ẹlòmíì. Inú àáró yẹn ni Ẹgbẹ́ Olórógun ti jáde, tí Ẹ̀gbá fi bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Bí guild tàbí clan (ẹgbẹ́ tí àwọn eléré ń dá sílẹ̀) inú géèmù ṣe ń dáni dúró nìyẹn gẹ́lẹ́. Èèyàn á wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nítorí pé àwọn mẹ́sàn-án kan ń retí rẹ̀, àwọn kan náà tó dúró tì í lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àmọ́ àáró ní iye èèyàn tó gbà. Nígbà tí géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì World of Warcraft jáde ní 2004, èèyàn 40 ni wọ́n ṣe ogun tó tóbi jù nínú rẹ̀ fún. Ní oṣù kìíní 2007 wọ́n sọ ọ́ di 25. Ẹ yọ 25 kúrò nínú 40: èèyàn 15 ló kù, wọn ò pọ̀ tó láti dá ogun tiwọn jà, wọ́n sì pọ̀ ju ẹni tí a lè ní kó máa wòran lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fọ́ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ géèmù náà fúnra rẹ̀ ṣì ń dàgbà títí tó fi ní mílíọ̀nù 12 oníbàárà ní 2010. Nítorí náà, bí eré yín bá gba èèyàn 10, ẹ forúkọ 14 tàbí 15 sílẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ 11 péré, ìdánwò èèyàn méjì àti iná ọba tó lọ ní Ọbáńtokò ti tó láti fagi lé eré alẹ́ yẹn. Bí ẹ bá sì tó 20, àwọn kan á jókòó sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra. Wọn kì í ṣàròyé, ńṣe ni wọ́n rọra ń lọ.

Ẹni tó ń tètè rẹ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ni olórí. Òun ló ń pe èèyàn, òun ló ń pín ìkógun, òun ló ń parí ìjà, òun ló ń gba àlejò. Ẹ pín iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí fún èèyàn mẹ́rin, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ó kéré tán igbákejì méjì ní àṣẹ láti gba èèyàn wọlé àti láti yọ èèyàn, torí olórí tó bá sọnù tòun ti àṣẹ lọ́wọ́ ti tilẹ̀kùn ẹgbẹ́ mọ́ gbogbo yín nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ibi tí èèyàn ti ń bọ́ jù. Géèmù tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní oríṣi owó bíi mẹ́fà nínú, bọ́tìnnì rẹ̀ ò lóǹkà, gbogbo èèyàn ló sì ti wà lókè. Àṣìṣe tí àwọn onínúure máa ń ṣe ni pé wọ́n á fa àlejò náà gòkè kíákíá: wọ́n á bá a pa gbogbo ọ̀tá, òun á kàn máa tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ tó bá dé ibi ogun gidi, kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀, wọ́n á bú u, á sì lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹnì kan bá a ṣe eré tó mọ níwọ̀n, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kékeré: kó ṣa ewé wá, kó wá irin, kó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń gbà ṣáá tí kò rí nǹkan kan fi san án padà á máa wo ara rẹ̀ bí alágbe, ojú á sì máa tì í láti wọlé.

Gbèsè ojoojúmọ́, ìyẹn iṣẹ́ tí géèmù ní kí èèyàn ṣe lójoojúmọ́, ń lé àgbà eléré lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: iṣẹ́ márùn-ún lójúmọ́, ìṣẹ́jú 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan nìyẹn. Lóṣù, ó di wákàtí 30. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta tí ọjọ́ 40 tó ti fi ń wọlé láìsinmi sì já, ohun tí eléré rí ni pé gbogbo rẹ̀ ti ṣòfò, á sì wá mọ̀ pé òun lè gbé láìsí géèmù náà. Nígbà tí wọ́n ń dán World of Warcraft wò, ẹni tó bá gbá a pẹ́ ni èrè ìrírí tó fi ń gòkè máa ń já sí ìdajì. Inú bí àwọn tó ń dán an wò. Àwọn tó ń ṣe é yí i ká: iye tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní ìlọ́po méjì fún ẹni tó ti sinmi, ìdajì rẹ̀ ló sì di iye gidi. Ìṣirò kan náà ni, àríyànjiyàn tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe géèmù ní Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lè kó jọ di ọjọ́ kan, kí ẹni tó sinmi bá nǹkan nílẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ ń rìn nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú okùn fáìbà. Bí server (kọ̀ǹpútà tó ń darí géèmù náà) bá wà ní Yúróòpù, tí okùn abẹ́ òkun tó dé ibẹ̀ sì gùn tó 7,000 kìlómítà, àlọ jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù 35, àlọ àtàbọ̀ jẹ́ 70. Kò sí dátà kankan tí ẹ lè rà tó máa sọ 70 yẹn di 30. Ohun tí ẹ lè tún ṣe ni ping (àkókò àlọ àtàbọ̀ yẹn, ní mílísẹ́kọ́ǹdù) tó ń fò. Ping tó dúró sórí 120 sàn ju èyí tó ń sáré láàárín 60 sí 300 lọ, torí ọwọ́ lè mọ ìdúró kan, kò lè mọ ìfòsókè-fòsódò. Ẹ tan àmì ping nínú ètò géèmù, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní aago mẹ́fà àárọ̀ àti ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹ kọ èyí tó kéré jù àti èyí tó ga jù sílẹ̀. Bí àárọ̀ bá dára tí alẹ́ sì ń fò, èrò ti pọ̀ lórí máàsìtì àdúgbò yín: ẹ gbìyànjú nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì, tàbí kí ẹ yí àkókò ìpàdé. Bí ó bá ga bákan náà tọ̀sán-tòru, ẹ wò ó bóyá ẹ̀kùn míì tó jìnnà ni géèmù náà fi yín sí. Bí fóònù mẹ́ta bá sì wà lórí hotspot kan, ẹ pa update aládàáṣe lórí gbogbo wọn.

Nígbà tí okùn abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun Ivory Coast ní oṣù kẹta 2024, kò sí ohun tí eléré kankan lè ṣe sí i. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí olórí tètè kéde pé ẹni tí kò wọlé kò jẹ̀bi. Owó dátà náà ń lé èèyàn: láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí àfikún tó lè tó ìdá 50 nínú 100 ní oṣù kìíní 2025, update gígábáìtì mẹ́ta ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sọ bí update ṣe tóbi tó fún ẹgbẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n lè fi dátà òru gbà á.

Ìyípadà tó sọ iṣẹ́ ọdún púpọ̀ di asán burú ju gbogbo èyí lọ. Star Wars Galaxies ní iṣẹ́ ọwọ́ tó lé ní 30 tí eléré lè yàn. Ní oṣù kọkànlá 2005, wọ́n gé e sí mẹ́sàn-án. Ẹni tó fi ọdún méjì kọ́ṣẹ́ jí lọ́jọ́ kan, kò bá iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti géèmù náà pa ní 2011. RuneScape náà yí ọ̀nà ìjà rẹ̀ padà ní oṣù kọkànlá 2012, àwọn èèyàn sì ń lọ. Ní oṣù kejì 2013, lẹ́yìn tí àwọn eléré dìbò, wọ́n gbé ẹ̀dà ọdún 2007 tí wọ́n ti tọ́jú padà wá. Láti ìgbà náà, ohun tuntun pàtàkì kì í wọ inú ẹ̀dà náà, tí wọ́n ń pè ní Old School RuneScape, láìjẹ́ pé wọ́n dìbò fún un: ìdá 75 nínú 100 ìbò ni wọ́n ń fẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti di 70. Ìyẹn ni àwòkọ́ṣe tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Kí ẹ lè mọ ibi tó ti ń jò, ẹ má ka iye èèyàn inú gúrúùpù WhatsApp. Ẹni tó ti lọ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ mú àwọn tó wọlé lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ ka iye wọn tó padà wá ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ keje àti ọjọ́ 30. Ká ní 40 wọlé, tí 15 péré padà lọ́jọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ló bàjẹ́. Bí 30 bá padà àmọ́ tó ku mẹ́rin lọ́jọ́ 30, wọn ò rí ẹgbẹ́ wọ̀. Ẹ má ṣe ka ọ̀sẹ̀ ìdánwò FUNAAB pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹni tó lọ lè padà. Naoki Yoshida tó ń darí Final Fantasy XIV ti sọ ọ́ ní gbangba pé kí eléré lọ gbá géèmù míì, kó padà nígbà tí ohun tuntun bá dé. Síbẹ̀, nínú géèmù kan náà, ilé tí onílé kò bá wọ̀ fún ọjọ́ 45 á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn míì ti ń yarí. Tí ẹ bá fẹ́ pe ẹnì kan padà, ẹ má polówó ẹ̀bùn fún un. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "A ń péjọ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àyè rẹ ṣì wà. Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ wá wòran, máa bọ̀." Ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí kò bá fèsì, ẹ dúró di ìgbà tí update ńlá bá tún dé.