Ẹ̀rọ Akọ́ṣẹ́ Ni, Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ Ìkẹ́kọ̀ọ́

Lọ́dún 2024, nígbà tí wọ́n fún John Hopfield àti Geoffrey Hinton ní ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì, inú ọkọ̀ ni mo wà, mò ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣágámù. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ṣe lórí "ẹ̀rọ ìkẹ́kọ̀ọ́" ni wọ́n fi gbà á. Ìyá tó jókòó tì mí kọjú sí mi: "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ni?" Mo ní rárá o, mà. Wọ́n ní kí wá ni? Kí n tó rí ọ̀rọ̀ kó jọ, wọ́n ti sọ̀ ní Odògbolú. Ó dùn mí wọra. Ìyá yẹn fẹ́ mọ̀, ìtumọ̀ burúkú ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ohun tí òyìnbó ń pè ní machine learning ni mò ń sọ: kí kọ̀ǹpútà máa ti ara àpẹẹrẹ kọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Arthur Samuel ti iléeṣẹ́ IBM ló sọ orúkọ náà di mímọ̀ lọ́dún 1959, nígbà tó kọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà tó ń ta dráfù. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa ni oníkálukú ti ń tú u bó ṣe wù ú. Ẹ jẹ́ ká yẹ "ẹ̀rọ ìkẹ́kọ̀ọ́" wò. Ẹ̀rọ ìránṣọ, òun la fi ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìlọta, òun la fi ń lọ ata. Ẹ̀rọ ìkẹ́kọ̀ọ́ wá ńkọ́? Òun la ó fi kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Àwa la di akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rọ di sílétì. Odindi ọ̀rọ̀ ti dorí kodò.

"Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ" tí àwọn mìíràn ń lò kò sàn jù ú lọ. Ohun tí ọmọ ń lọ kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kó lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nìyẹn. Ní ti àwọn tó ń kọ "maṣíìnì lẹ́nìnnì", ìyẹn kì í ṣe ìtumọ̀ rárá, ariwo ni.

Ẹ̀rọ akọ́ṣẹ́ ni mo mú, mi ò sì ní fi í sílẹ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ti ṣe sílẹ̀ fún wa: ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀rọ amúlétutù, asọ̀rọ̀mágbèsì, amóhùnmáwòrán. "A" ni wọ́n fi síwájú ìṣe, kí gbogbo ayé lè gbọ́ pé ẹ̀rọ náà gan-an ló ń ṣe é. Ọ̀nà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kí ló dé tí a ó tún máa la igbó?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá gbà pé "a" ló yẹ, àmọ́ ó ní "ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́" ló bọ́ sí i, nítorí pé "akọ́ṣẹ́" ń mú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wá síni lọ́kàn. A fà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní ibi tó ti ṣì í nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa jókòó síwájú pátákó, olùkọ́ á kọ òfin síbẹ̀, òun náà á kọ́ ọ sórí. Bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà látijọ́ nìyẹn: èèyàn ló ń kọ gbogbo òfin fún un, bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, kí o ṣe báyìí. Ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí ò gba òfin lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tó bá gbọ́ "ẹ̀rọ akọ́ṣẹ́" lè rò pé maṣíìnì ọmọ tó ń kọ́ ìránṣọ ni. Mo bi í pé, ta ló gbọ́ "ẹ̀rọ amúnáwá" rí tó ń wá ọ̀gbẹ́ni Amúnáwá kiri? Ó béèrè pé kí ni màá wá pe ìṣe náà fúnra rẹ̀. Mo ní màá sọ pé ẹ̀rọ ń kọ́ṣẹ́. Gbólóhùn ni Yorùbá fi ń sọ irú rẹ̀, kò di dandan ká sọ gbogbo ìṣe di orúkọ nítorí pé òyìnbó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú iṣẹ́ kíkọ́ wá sí mi lọ́kàn ni obì. Ìyá mi àgbà ta gbànja ní Ṣágámù títí ojú wọn fi di bàìbàì. Àwọn Hausa ti Sábó ló ń rà á lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ń kó o lọ sókè Ọya. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n ní kí n wá jókòó sídìí agbọ̀n. Wọn ò sọ fún mi pé báyìí la ṣe ń mọ obì tí kòkòrò ti wọ̀. Wọ́n ní kí n máa ṣà á, èyí tó dáa síhìn-ín, èyí tí kò dáa sọ́hùn-ún. Mo mú ọ̀kan, mo gbé e sí apá tó dáa. Wọ́n mú un, wọ́n jù ú sọ́hùn-ún láìsọ̀rọ̀. Mo mú òmíràn, wọ́n tún jù ú. Mo wá tẹjú mọ́ èyí tí wọ́n jù: ihò kan bí ojú abẹ́rẹ́ wà níbi tí awẹ́ méjèèjì ti pàdé. Kí ọdún Kérésì tó dé, ọwọ́ mi ti ń mọ̀ kí ojú mi tó rí i. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé agbọ̀n tuntun kalẹ̀ fún mi, wọ́n sì bá ti Sábó lọ.

Bí ẹ̀rọ akọ́ṣẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á kó àwòrán rẹpẹtẹ síwájú rẹ̀, wọ́n ti kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Á sọ èyí tó rò pé ó jẹ́. Bó bá ṣì í, àwọn nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ tó fi ń pinnu á yí díẹ̀, síbi tí àṣìṣe náà yóò ti kéré sí i. Á tún mú òmíràn. Ẹ̀rọ tí Hinton àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì fi gba ipò kìíní nínú ìdíje dídá àwòrán mọ̀ lọ́dún 2012, àwòrán tó lé ní mílíọ̀nù kan ló fi kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé agbọ̀n tí kò rí rí kalẹ̀ fún un. Ẹ má bi í bó ṣe mọ̀ o. Bí ẹ bá bi ìyá mi àgbà, "Ṣé ìwọ ò rí i ni?" ni wọ́n á wí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa pààlà láàárín akọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń jù obì tó ṣì mú padà fún àti èyí tí wọ́n kàn da obì sí níwájú. Wọ́n tún ń jà lórí ibi tí ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí òyìnbó ń pè ní AI, parí sí tí ẹ̀rọ akọ́ṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ wọn kò nílò rẹ̀.

Èyí tó yẹ ká mọ̀ ni pé akọ́ṣẹ́ ò lè ju ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ lọ. Gbànja nìkan ni mo mọ̀. Ọjọ́ tí àbàtà kọ́kọ́ wọlé, mo rí i tó pín sí awẹ́ mẹ́rin, mo rò pé ó ti fọ́ ni, mo da gbogbo agbọ̀n náà sí apá èyí tó bàjẹ́. Fóònù mi tó ń gbọ́ Yorùbá tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Bí mo bá sọ Yorùbá ìwé, ó ń gbọ́ mi. Bí mo bá sọ Ìjẹ̀bú, ó ń kọ kántankàntan.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń dáko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, gàrí ni wọ́n ń fi ṣe. Mo fi Nuru hàn wọ́n, áàpù orí fóònù tí PlantVillage ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà àti IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, jọ ṣe: wọ́n á kọjú kámẹ́rà fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́, á sọ bóyá àrùn mòsáíkì wà lára rẹ̀, bí kò tiẹ̀ sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Mo ní ẹ̀rọ akọ́ṣẹ́ ni.

"Níbo ló ti kọ́ṣẹ́?"

Mo ní oko ẹ̀gẹ́ ní Tanzania ni wọ́n ti ya àwòrán tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀gẹ́ tiwọn rí bíi tiwa?" Wọ́n bọ́ sáàárín ebè, wọ́n já ewé mìíràn wá, wọ́n ní, "Àbúrò, tún kọjú rẹ̀ sí èyí ká wò ó."